Àpótí ìwé bàbá mi: pẹpẹ wo ni kí n tò wọ́n sí?

Ìyá Olùkọ́ (Àjàṣẹ́), Sátidé, aago 9 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ó pé ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti sùn. Tíṣà ni wọ́n, àpótí ìwé méje ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Ikán ti jẹ mẹ́ta tán, ó ku mẹ́rin. Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) tí mo fẹ́ fi ṣe ibi ìkàwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Káfíńtà ti bá mi kan pẹpẹ mẹ́rin mọ́ ògiri, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ, ỌGBÀ, Ẹ̀KỌ́, Ẹ̀SÌN. Bàbá mi kì í ra ìwé ìtàn àròsọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n máa ń kà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ìwé náà ò gbà kí n to àwọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ fà yọ ni *Awọn Ewe Ọsanyin* ti Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1967. Mo ní ewé ṣáà ni, mo gbé e sí Ọgbà. Ọmọ mi obìnrin ní, "Màámi, ta ní ń jẹ́ Ọ̀sanyìn? Ṣé òrìṣà kọ́ ni?" Mo gbé e lọ sí Ẹ̀sìn. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ọkàn mi ò tún gbà á, mo gbé e padà. Ó wá kan ìwé ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹni tó kọ́ ọmọ níwèé, tó kọ gírámà Yorùbá, tó tún jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà mélòó ni kí n gé e sí?

Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi. Nínú èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan, bàbá mi fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan. Ti Verger jẹ́ K.7. Ti Crowther jẹ́ K.2. Ti Paul Hazoumé jẹ́ A.11. Mo kọ́kọ́ rò pé iye tí wọ́n rà wọ́n ni, àmọ́ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Alákétu (Kétu), Sátidé, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 20

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé Verger kúrò lórí Ọgbà. Ọ̀dọ̀ wa ní Kétu níbí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Fátúmbí, pé Ifá tún un bí. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902, fọ́tò ló sì ń yà káàkiri ayé kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn babaláwo. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán ló di dandan fún un láti mọ ewé, nítorí babaláwo tí kò mọ ewé, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Kì í ṣe bí ẹni tó ń ka igi inú ọgbà ló ṣe kó wọn jọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni bó ṣe tọ́ka sí i pé orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a rán an máa ń fa ara wọn lọ́wọ́ nínú ọfọ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Gbégbé ní kí ire gbé wa. Gbogbo wa la ń sọ ọ́ láti kékeré, etí wa ti mọ́ ọn débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Ìyá ìyá mi kì í já ewé láìpè é lórúkọ. Tí mo bá bá wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé náà, wọ́n á pè é, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, kí wọ́n tó já a. Wọn ò ní jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ títí a ó fi wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìró ohùn èdè wa, kí tíṣà kankan tó kọ a, b, d sójú pátákó fún mi. Ẹ sọ fún mi, Ìyá wa, ṣé ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn?

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́), Sátidé, aago 1 ọ̀sán

Mo kí yín o, àǹtí mi. Mo mọ bàbá yín dáadáa.

Ní ti ọgbà, ṣé ẹ rí ohunkóhun nínú àpótí yẹn nípa Jardin des Plantes wa? Mo ń béèrè nítorí pé ọgbà yẹn ni mo fi ń dán gbogbo ìwé ìtàn ìlú yìí wò. Èyí tí kò bá mẹ́nu kàn án, mo máa ń wò ó pé ẹni tó kọ ọ́ kò fẹsẹ̀ rìn ní Àjàṣẹ́. Ní 1895, nígbà tí Victor Ballot jẹ́ Gómìnà, ni àwọn Faransé dá a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin gómìnà, láti máa dán irúgbìn òkè òkun wò bóyá á gbà nílẹ̀ wa. Àmọ́ ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Igbó òrìṣà ni, igbó Mìgán, ìjòyè ńlá ọba. Àwọn ìrókò ńláńlá tó wà níbẹ̀ dòní, Faransé kọ́ ló gbìn wọ́n.

Tí ẹ bá wọ ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò ìrókò, tí wọ́n ń ka ìwé ìdánwò. Gbòǹgbò yẹn ti dán bí àga nítorí ìjókòó. Ẹ̀sìn ló fi í sílẹ̀, ọgbà ni wọ́n pè é, ilé ẹ̀kọ́ ló dà.

Ballot kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Lycée Béhanzin lónìí. Wọ́n yọ orúkọ gómìnà, wọ́n fi orúkọ ọba Dàhómì tí Faransé lé kúrò lórí ìtẹ́ rọ́pò rẹ̀. Èmi jáde níbẹ̀, kò sí tíṣà kan tó sọ ìtàn yẹn fún wa ní gbogbo ọdún tí mo lò. Inú ìwé ni mo ti bá a nígbà tí mo ti bímọ méjì. Ó dùn mí gan-an, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Oníkajú (Ṣábẹ), Sátidé, aago 3 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lókè yìí, n kò tíì rí Ṣábẹ. Kétu ní Verger, Àjàṣẹ́ ní ọgbà. Àwa ńkọ́?

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1921, àwọn àrọ́mọdọ́mọ Odùduwà pín ogún bàbá wọn: ọba Bìní kó owó, Ọ̀ràngún kó àwọn ìyàwó, Olúpópó kó ìlẹ̀kẹ̀, Olówu kó aṣọ, Alákétu kó adé, Ọ̀rányàn jogún ilẹ̀. Ọba Ṣábẹ kó ẹran ọ̀sìn. Ọ̀rọ̀ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀.

Ìyá wa, ẹ wò ó bóyá *L'histoire de Sàbe et de ses rois* ti Montserrat Palau Martí wà níbẹ̀, 1992 ló jáde. Tàbí ti Biodun Adediran lórí àwọn ìlú Yorùbá ìhà ìwọ̀ oòrùn, 1994. Àwọn méjì yìí jókòó ti ọ̀rọ̀ wa. Mo ti yá ti Palau Martí lẹ́ẹ̀kan rí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún mi. Mo dà á kọ sínú ìwé àjákọ títí ọwọ́ mi fi wú.

Ọmọ Alákétu (Kétu), Sátidé, aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 40

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ, ẹ má bínú sí wa nítorí adé. Adé yẹn kò gbà wá ní 1886 nígbà tí ogun Dàhómì kó Kétu tán, tí ìlú di ahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhómì. Ẹnubodè Ìdènà ló ṣì dúró níbẹ̀ tí àlejò ń yà ní fọ́tò.

Ohun tó ṣẹ́kù fún wa ni ẹnu. Ìdílé kan wà níbí tí iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran jẹ́ pé kí wọ́n mọ ìtàn Kétu lórí, kí wọ́n sì kà á síta nígbà tí Alákétu tuntun bá gorí oyè. Ẹnu wọn ni ìwé ti wá. *The Story of Ketu* tí Geoffrey Parrinder, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, tẹ̀ jáde ní 1956 gbé ara lé irú ìtàn àtẹnudẹ́nu bẹ́ẹ̀. Kí òyìnbó tó kọ tirẹ̀, ọmọ Kétu kan, Fáda Thomas Moulero, ti ń kọ ìtàn ìlú sílẹ̀. Ẹ rántí pé òun ni ọmọ ilẹ̀ Dàhómì (Bẹ̀nẹ̀ òní) àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, ní 1928. Ó ń ṣe ìsìn Máàsì láàárọ̀, ó sì ń bi àwọn àgbà léèrè nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Èmi rí ọlá níbẹ̀.

Ìyá wa, mo ti rí i! Crowther wá sí Kétu lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1853. Ìdí tó fi jẹ́ K.2 nìyẹn. Verger náà, Kétu. K ni Kétu! Ẹ lọ wo Parrinder, bí kò bá ní K, ẹ pè mí ní òpùrọ́.

Ìyá Olùkọ́ (Àjàṣẹ́), Sátidé, aago 8 alẹ́

Ọmọ mi, o ò pa irọ́. Parrinder: K.1. Omi bọ́ lójú mi.

Hazoumé tó ní A.11, Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ ìlú yìí ni, tíṣà bíi bàbá mi, *Le pacte de sang au Dahomey* rẹ̀ jáde ní 1937. Ìwé lórí májẹ̀mú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ ni. Létí ojú ewé kan, bàbá mi fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ wínníwínní: "Ìmùlẹ̀ ni àwa ń pè é. Ilẹ̀ la mu. Ẹni tó bá dalẹ̀, ilẹ̀ ló dà, kì í ṣe èèyàn." Mo ka gbólóhùn yẹn ní ìgbà mẹ́ta. Mo mọ "ọ̀dàlẹ̀" láti kékeré, n kò ronú kàn án rí pé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àbúrò mi Ọmọ Àgùdà, Louis Hunkanrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé kékeré ni, A.4. Ibo ni tíṣà ti pàdé ìgbésí ayé, ẹ tún sọ fún mi.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́), Sátidé, aago 9 alẹ́

Há! Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá ìyẹn kúrò nílé. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí Hunkanrin sí ní 1886. Saint-Louis ní Senegal ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Nígbà tí ìlú gbóná lórí owó orí ní 1923, wọ́n dì í mọ́ àwọn tó dá rògbòdìyàn náà sílẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n lé lọ sínú aṣálẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè pa mọ́, níbẹ̀ ló tún ti rí ẹrú tí wọ́n ń lò, ó sì kọ ọ́ síta. Irú ìtàn ayé tó yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà kà nìyẹn kó tó gba ṣọ́ọ̀kì.

Aláṣọ Funfun (Àjàṣẹ́), Àìkú, aago 2 ọ̀sán

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ilé ìjọsìn la ti ń bọ̀.

Ìyá wa, ṣé ìwé kankan wà nípa wòlíì wa, Samuel Bilehou Joseph Oshoffa? Ìlú yìí ni wọ́n ti bí i ní 1909, ìlú yìí náà ni ìjọ Kristi Láti Ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947. Káfíńtà ni. Ẹni tó ń wá igi nínú igbó ni ìpè bá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i lórí pẹpẹ Ìtàn Ìgbésí Ayé, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mú ayùn àti ìfági lọ́wọ́ lè dá ohun tó kárí ayé sílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sọ. Ìtàn ìjọ wa ní ọjọ́ 23 oṣù Kàrún 1947 ni ọ̀sán dòru nígbà tí wọ́n wà nínú igbó. Ìwé àwọn tó ń ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn ni òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀. Àwọn kan ò fẹ́ kí a sọ ọ́. Èmi rí i pé ọlá ló jẹ́ fún wòlíì: oòrùn wọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe àlọ́, gbogbo ayé rí i. Ta ló gbé kàlẹ́ńdà wọ igbó? Kí òǹkọ̀wé kọ ọjọ́ méjèèjì, kó sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo nífẹ̀ẹ́ ìjọ mi, ìdí tí mo fi fẹ́ kí ìwé rẹ̀ dúró ṣinṣin nìyẹn.

Ìyá Olùkọ́ (Àjàṣẹ́), Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ó wà. Ìwé pẹlẹbẹ ni, wọ́n fi okùn dì í. Nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù: A.15, I.1. Ìmẹ̀kọ ni I, àbí? Níbẹ̀ ni wọ́n sin wòlíì sí nígbà tó kú ní 1985. Bàbá mi kò sí nínú ìjọ yín o, Mẹ́tọ́díìsì paraku ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ti rìn dé Ìmẹ̀kọ lórí ìwé yìí.

Alùfáà Kéwú (Àjàṣẹ́), Àìkú, aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 10

As-salaamu alaykum. Ìyá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lékọ̀ọ́lù nìkan ló wà lórí pẹpẹ Ẹ̀kọ́. Kí ilé ìwé Faransé tó dé ni àwọn ọmọ ti ń jókòó sórí ẹní ní ìlú yìí, tí wọ́n ń fi kálámù igi kọ wàláà. Mo ṣì ní wàláà bàbá bàbá mi. Etí rẹ̀ kan ti jẹ níbi tí àtàǹpàkò wọn ń dì í mú, tàdáwà ti wọ inú igi náà lọ, kò ṣe é fọ̀ mọ́. Mo máa mú un wá kí ẹ gbé e sáàárín àwọn ìwé, bí ẹ bá gbà fún mi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó bá sọ pé Àgùdà àti Kátólíìkì ọ̀kan náà ni. Mọ́sáláṣí ńlá wa, tí wọ́n parí ní nǹkan bí 1925, bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni iwájú rẹ̀ ṣe rí, nítorí pé àwọn tó ti Brazil dé ló mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́), Àìkú, aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15

Òótọ́ ni, Àlùfáà. Ilé bàbá mi pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, a sì jọ ń jẹun.

Tíṣà Kékeré (Kùtọnu), Àìkú, aago 7 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìbéèrè kan ni tèmi: àwọn ọmọ tó máa wá sí yàrá yẹn, ewo ni wọ́n máa kà? Èmi ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè wa ní 1975. Pẹpẹ tí à ń sọ látàárọ̀ yìí, *kpɛkpɛ* ni akẹ́kọ̀ọ́ mi máa kọ. Tó bá ṣí Bíbélì tàbí ìwé Ifẹ̀, yóò rí *pẹpẹ*, yóò kà á bíi ti *papa* Faransé. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó ń ta gàrí, ti pa ìwé dé lójú mi rí, ó ní, "Èyí kì í ṣe Yorùbá tí mò ń sọ." Mo jókòó tì í, mo ka ìlà mẹ́ta sókè fún un. Ó ní, "Á à! Èmi náà ni."

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, Ìyá wa, ọwọ́ kan ẹ kọ p, ẹ, ọ, ṣ, ọwọ́ kejì ẹ kọ kp, ɛ, ɔ, sh. Mo lè bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọlọ́gbà (Ọ̀wándó), Àìkú, aago 8 alẹ́

Ní ti ọgbà: mo kọ́ṣẹ́ ní Songhaï, tí Fáda Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ni a fi ń sin ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi ẹja di ti ẹ̀fọ́. Fáda ìjọ Dominic ló dá ilé ẹ̀kọ́ sínú oko. Ẹ bi í léèrè pẹpẹ wo ni. Mo ní ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 2002, mo máa mú un wá.

Ìyá Olùkọ́ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, aago 6 àárọ̀

N kò sùn. Mo tú àpótí tí ikán jẹ, èyí tí mo fẹ́ dáná sun. Lábẹ́ rẹ̀ pátápátá ni mo ti bá káyè kan, ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù, ìdajì rẹ̀ ló kù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ojú ewé káyè yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí bàbá mi bá kà tán, wọ́n á gbé e lọ bá ará ìlú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn, wọ́n á kà á fún un ní Yorùbá, wọ́n á sì kọ ohun tí onítọ̀hún fèsì sílẹ̀.

Mo ṣí K.7. Ewé gbígbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn rán mọ́ ojú ìwé, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, àmọ́ ẹ̀gún ara igi rẹ̀ ṣì ń gún ni lọ́wọ́. Wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀: "Ìyá àgbà ní ẹ̀bá ọjà Kétu. Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ tẹ̀tẹ̀ kí n dákẹ́. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún nìyí, tẹ̀tẹ̀règún yàtọ̀. Ó já a fún mi, kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀." Ọmọ Alákétu, ṣé o gbọ́?

Mo ti fi omi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára pẹpẹ. Kétu, Ṣábẹ, Àjàṣẹ́ ni mo kọ sí i báyìí, mo sì fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ fún Ìmẹ̀kọ àti ibòmíràn. Verger ti lọ bá Parrinder. Wàláà Àlùfáà máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hunkanrin.

Oníkajú, Palau Martí wà níbẹ̀, S.1. Òun nìkan ló ní S. Mo ṣí ojú ewé náà, bàbá mi ti fa ìlà, wọ́n ti kọ "Ṣábẹ" sókè, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Oníkajú (Ṣábẹ), Ọjọ́ Ajé, aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 30

Ẹ ya fọ́tò ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí mi, Ìyá wa. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lẹ́nu wọn jù. Lọ́la kí oòrùn tó mú, mo máa jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àjákọ mi.